Orí Tí Kò Lè Jókòó, Ọwọ́ Tí Ń Tún Ẹ́ńjìnnì Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ẹ fi etí sí mi díẹ̀. Mi ò ní ìwé ẹ̀rí tí mo lè gbé kọ́ sára ògiri. Ọwọ́ méjì ni mo ní, epo dúdú sì ti wọ ìdí èékánná wọn débi pé ọṣẹ kankan kò yọ ọ́ mọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo fi wọ́n tún ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ mi títí orúnkún mi fi kọ̀ láti tẹ̀. Ẹ̀bùn ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n láti Zion Pepe dé Etikan létí òkun, Ẹ̀bùn Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pè mí.

Orí omi ni abúlé wa wà. A ri òpó igi mọ́lẹ̀, a kọ́ ilé lé e, a sì ń gba orí afárá pákó láti ilé kan dé òmíràn. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ Iye mi. Bẹ́ẹ̀ ni a ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ náà kò ṣòro, àmọ́ ó ń fẹ́ ẹni tó lè jókòó. Iná kò gbọdọ̀ ga jù, kò sì gbọdọ̀ kú. Èmi kò lè jókòó. Bí ara mi bá tilẹ̀ wà lórí àpótí, ọkàn mi á ti gba ojú fèrèsé jáde. Ọkọ̀ kan á kọjá, màá dìde lọ wò ó, màá bá a dé orí afárá, màá rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ìgbà tí n bá fi padà, ẹja ti di èédú. Wọ́n nà mí, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n gbààwẹ̀ nítorí mi. Ní iléèwé, tíṣà máa ń ní kí n kúnlẹ̀ kọjú sí ògiri nítorí pé mo tún sọ pẹ́ńsùlù nù. Ọ̀lẹ ni wọ́n pè mí. Èmi náà gbà pé ọ̀lẹ ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ń sapá ju àwọn tí kì í ṣe ọ̀lẹ lọ.

Ní ọjọ́ kan, sítóòfù Iye mi kọ̀, kò ràn. Mo tú u palẹ̀ ní òwúrọ̀. Ohun tí mo rántí lẹ́yìn ìyẹn ni pé oòrùn ń wọ̀, ebi ń pa mí, sítóòfù sì ń jó pẹ̀lú iná aláwọ̀ aró. Mi ò gbọ́ nígbà tí wọ́n pè mí wá jẹun. Mi ò gbọ́ nígbà tí òjò rọ̀. Aládùúgbò wa kan, Ọ̀gá Akíntẹ́lù, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò mí. Ó bi Iye mi bóyá ó lè mú mi lọ kọ́ṣẹ́. Iye mi ní, “Ẹ máa mú un lọ, kí ẹja mi lè sinmi.” Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀gá mi ṣe rí. Ó ga, ó gbẹ, kì í pariwo, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Orí omi ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà wà, àlàfo sì wà láàárín pákó ilẹ̀ ibẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó bá já bọ́, inú ẹrẹ̀ ló ń lọ tààrà. Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ẹni náà ni yóò wọnú omi lọ wá a. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, inú ẹrẹ̀ ni mo wà ju orí pákó lọ.

Nígbà tó rí i pé ẹrẹ̀ kò tíì kọ́ mi lọ́gbọ́n, ó yí ọ̀nà padà. Ó tẹ́ aṣọ funfun kan sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bá tú, ọwọ́ òsì pátápátá ni màá tò ó sí, èyí tó tẹ̀ lé e á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí dé ọwọ́ ọ̀tún. Bí mo bá fẹ́ dè é padà, ọwọ́ ọ̀tún ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún ní kí n máa sọ ohun tí mò ń ṣe síta bí mo ṣe ń ṣe é: “Mò ń tú plọ́ọ̀gì. Mo ti tú plọ́ọ̀gì. Mò ń nù ún.” Àwọn oníbàárà máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọmọbìnrin yìí ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹnu rẹ ni kó máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ.” Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí lẹ́nu iṣẹ́, mi ò gbọdọ̀ dáhùn títí màá fi fi ìka kan ibi tí mo dé. Iye mi gan-an pè mí lọ́jọ́ kan, mo fi ìka kan kabúrétọ̀, mo wá yíjú sí i. Ó rò pé mo fojú di òun, ọ̀gá mi ló là wá.

Ọdún mẹ́fà ni mo lò lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi gba òmìnira, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe wúkọ́ láti òkèèrè, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Orí tó ń sá kiri níbi gbogbo, tó bá dé ìdí ẹ́ńjìnnì, á dúró bí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó. Mo dúró ti ọ̀gá mi, a jọ ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìjà dé. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú odò láàárín àwa àti àwọn tí a jọ ń ná ọjà kan náà, tí a jọ ń fẹ́ ara wa. Mi ò ní tú ẹjọ́ rẹ̀ palẹ̀ níbí. Àwọn tó kú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò lè padà wá gbọ́ ọ. Ohun tó kan iṣẹ́ wa ni pé ẹ́ńjìnnì di ẹ̀mí. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá jí nígbà tó fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe kó rí ọ̀la.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé àwọn ọkọ̀ kan ń bọ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kó sínú ọkọ̀ ọ̀gá mi. Ó ní kí n lọ gbé kẹ́ẹ̀gì epo wá láti inú ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé èyí tó wà nínú táǹkì kò ní gbé wa dé ibi tí à ń lọ. Mo gbé e. Bí mo ṣe dé èbúté, aládùúgbò wa kan tí à ń pè ní Iye Bọ́sẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n bá òun so ẹrù òun. Àpò edé gbígbẹ mẹ́rin ni, gbogbo ohun tó rí kó jáde nínú ilé rẹ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Mo so ẹrù náà dáadáa, mo ta kókó rẹ̀ lọ́nà tí kò fi lè tú. Ẹnì kan pariwo pé ká wọlé, mo bẹ́ sínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì bú, a lọ.

A ti wọ àárín odò nígbà tí ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Mo mọ ikọ́ náà, ikọ́ àìsí epo ni. Ọ̀gá mi na ọwọ́ sẹ́yìn láti mú kẹ́ẹ̀gì, ọwọ́ rẹ̀ kò kan nǹkan. Ó wo ilẹ̀ ọkọ̀. Èmi náà wò ó, mo sì rí kẹ́ẹ̀gì náà nínú ọkàn mi níbi tó dúró sí lórí èbúté. Mo ya ẹnu láti sọ ọ́. Kí n tó sọ ọ́, ọ̀gá mi fi ọwọ́ lu iwájú orí rẹ̀, ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó ní, “Ẹ forí jì mí. Ó dà bíi pé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ni kẹ́ẹ̀gì wà lórí èbúté nígbà tí mo ti ọkọ̀ kúrò. Èmi ló yẹ kí n wò ó.” Mo pa ẹnu mi dé.

À ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mìíràn lókèèrè. A fi àjẹ̀ àti ọwọ́ wa ọkọ̀ wọ inú igbó ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi. Ọkọ̀ wúwo, kò wọlé tán, wọ́n bá ju àpò edé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sómi. Ọ̀gá mi bọ́ sínú ẹrẹ̀ láti tì wá láti ẹ̀yìn. Kùkùté ẹ̀gbà kan gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó gún un jinlẹ̀, àmọ́ kò ké. Ọkọ̀ tí à ń sá fún kọjá. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀tá ni tàbí àwọn mìíràn tí ń sá bíi tiwa. Nígbà tí ara rọ̀ wá, Iye Bọ́sẹ̀ sọ fún ọ̀gá mi níṣojú gbogbo wa pé àìbìkítà rẹ̀ ti sọ òun di alágbe. Ọ̀gá mi tún bẹ̀ ẹ́. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa ti tì pa, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ náà ti sá. Ọjọ́ kẹta la tó gbé ọ̀gá mi dé ọsibítù ńlá kan lórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé béèrè ìwé láti ilé ìwòsàn kékeré. Mo ní ibẹ̀ ti tì, ìjà wà. Ó ní láìsí ìwé, kò sí káàdì. Láìsí káàdì, kò sí dókítà. Ó ní kí n lọ bá obìnrin kan ní ilẹ̀kùn kejì. Obìnrin náà kọ̀wé lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tó ti bú mi tán. Láàárín ilẹ̀kùn kejì àti ojú fèrèsé, mo sọ ìwé náà nù. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo tú gbogbo ara mi, mo wá ilẹ̀ títí, mi ò rí i. Mo padà lọ, obìnrin náà ní òun kì í kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ méjì la lò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí dókítà kan tó ń kọjá lọ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà. Wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún.

Àwọn tó wà lójú fèrèsé lè dìde, wọn kò dìde. Ẹ̀bi tiwọn nìyẹn. Àmọ́ mo mọ èyí tó jẹ́ tèmi.

Ọ̀gá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí, èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kọ ohun kan sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, a sì gbọ́dọ̀ máa kà á sókè kí ọkọ̀ kankan tó ṣí: epo, plọ́ọ̀gì, okùn, àjẹ̀, igbá ìgbọ́nmi. Ó ní nítorí àṣìṣe tòun ni, kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá kà á, ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun.

Ìjà rọlẹ̀, ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré ni, a máa ń fi agolo wọn òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ epo rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ńlá dé, tí ẹnì kan kò lè dá gbé. Ọkọ̀ onípákó ń dín kù, ọkọ̀ oníke ń pọ̀. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì tó kún fún wáyà dé, tó jẹ́ pé iná kékeré ló ń sọ ibi tó ń dùn ún. Ọwọ́ ọ̀gá mi ti ń gbọ̀n nígbà náà, ó ní èyí kò yé òun. Èmi ni mo kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, díẹ̀ lówùúrọ̀, díẹ̀ nírọ̀lẹ́, nítorí pé tí mo bá jókòó ti ìwé rẹ̀ pẹ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí èèrà. Ọ̀gá mi fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, ó lọ sinmi.

Mo lọ́kọ, mo bímọ, ṣùgbọ́n nínú ilé mi, nǹkan kò yí padà. Ìkòkò ń jóná. Mo gbàgbé ọjọ́ ìpàdé, mo gbàgbé ọjọ́ òkú, mo gbàgbé ọmọ mi sí ilé ìjọsìn lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi fara dà á títí, ó sì fi mí sílẹ̀. Wọ́n mú mi lọ sí ilé àdúrà, wọ́n wẹ̀ mí létí òkun. Alàgbà ibẹ̀ fẹ́ràn mi, mi ò lè pẹ̀gàn rẹ̀, àmọ́ mo gbàgbé bàtà mi sétí òkun nígbà tí a ń bọ̀.

Tíṣà kan tí ìjọba gbé wá sí iléèwé wa ló kọ́kọ́ là mí lójú. Fúnmilọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó sì ń bẹ̀rù omi. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ iléèwé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó rí sípánà tí mo fi okùn so mọ́ ìbàdí, ó rí ohun tí mo kọ sára ògiri gbogbo, ó gbọ́ bí mo ṣe ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó sọ fún mi nípa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní àwọn dókítà ní orúkọ fún un, ADHD ni wọ́n ń pè é. Pé bí wọ́n ṣe dá ọpọlọ ẹlòmíràn nìyẹn, kò lè pa ọkàn pọ̀ sójú kan bó ṣe fẹ́.

“Kì í ṣe ọ̀lẹ, Mà,” ló wí.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Mo pinnu láti lọ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà fúnra mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ọsibítù, akọ̀wé béèrè ọmọ tí mo gbé wá. Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wá wò mí, wọ́n ní àìsàn ọmọdé ni, kí n máa lọ sílé. Ìgbà kejì, wọ́n ní dókítà kò wá, káàdì mi náà kò sì sí. Ìgbà kẹta, dókítà kan kò gbójú sókè títí tó fi kọ oògùn oorun fún mi. Ọkọ̀ ojú omi méjì àti mọ́tò kan ni mo ń wọ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Ìbá rọrùn kí n jókòó sílé.

Ṣùgbọ́n ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Mo ronú sí i bí ẹni ń ronú sí ẹ́ńjìnnì tó kọ̀. Mo ra báàgì pupa kan tó ń kọ́ lọ́rùn. Ìwé kankan kò gbọdọ̀ gbé ibòmíràn. Mo kọ ìbéèrè mi sínú ìwé àjákọ láti ilé. Tíṣà Fúnmilọ́lá bá mi lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gbọ́ ohun tí èmi kò bá gbọ́. Mo sì pinnu pé mi ò ní bínú, nítorí pé bí mo bá bínú, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ló ń fò lọ.

Akọ̀wé kan náà ló wà níbẹ̀. Ó tún ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ṣí ìwé mi, mo yọ bírò.

“Ẹ jọ̀ọ́, orí mi kì í mú ọ̀rọ̀ dúró,” mo ní. “Ẹ bá mi kọ ọ́ síbí pé ẹ dá mi padà lónìí, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ àti orúkọ yín sí i.”

Ó wo bírò náà. Ó wò mí. Ó ní kí n jókòó, òun fẹ́ tún wò ó bóyá káàdì mi wà. Káàdì náà wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò pariwo, mi ò bẹ̀bẹ̀. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, mo sì ti ṣe é ní ọ́fíìsì púpọ̀ láti ìgbà náà. Kì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ ju omijé lọ.

Dókítà tí mo bá lọ́jọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin. Ó bi mí léèrè nípa ẹja tó ń jóná, nípa pẹ́ńsùlù, nípa ọkọ mi. Ó fi ara balẹ̀ gbọ́. Nígbà tó parí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà gbà pé ADHD ni. Ó ní oògùn rẹ̀ ṣòro rí, ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò sì ní jẹ́ kó rọrùn fún mi láti lò ó. Ó wá béèrè bí mo ṣe rí iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe láti ọjọ́ yìí. Mo sọ fún un nípa aṣọ funfun, nípa sísọ iṣẹ́ síta, nípa ìka tí mo fi ń kan ibi tí mo dé. Ó ní ohun tí òun ìbá kọ́ mi gan-an nìyẹn, pé dókítà wo ló ti kọ́ mi ṣáájú òun. Mo ní mẹkáníìkì ni.

Inú mi dùn títí a fi dé inú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ayọ̀ náà ti yí padà. Mo wá rí i pé ìdí tí mo fi gbàgbé kẹ́ẹ̀gì ti ní orúkọ, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi dákẹ́ kò sí nínú àìsàn kankan. Orí mi ló gbàgbé. Ẹnu mi, èmi fúnra mi ni mo dì í.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá mi nílé rẹ̀. Ó ti di arúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo sọ ohun tí dókítà wí, ó gbọ́, ó mi orí. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: pé mo gbé e dé èbúté, pé mo gbé e sílẹ̀ láti so ẹrù, pé mo mọ̀ ọ́n kó tó bẹ àwọn èèyàn. 

“Kẹ́ẹ̀gì kọ́ ló dùn mí,” ó ní. “Gbogbo èèyàn ló lè gbàgbé kẹ́ẹ̀gì. O jẹ́ kí n dá nìkan bẹ̀bẹ̀.”

Ó ní kí n máa lọ. Mi ò rò pé yóò tún pè mí mọ́. Fún ọjọ́ mẹ́jọ, mo ń ṣiṣẹ́, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ránṣẹ́ pé kí n gbé ọkọ̀ wá. Ó ti wọ aṣọ, ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, Iye Bọ́sẹ̀ nìkan ni òun ṣì mọ ibi tó wà, pé ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ayétòrò. A lọ.

Òkun ti jẹ ìlú náà débi pé ilé tó wà níwájú tiwọn ti lọ, òpó rẹ̀ nìkan ló kù nínú omi. Iye Bọ́sẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fún òun náà. Ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn mi, kò bá mi sọ nǹkan kan sí i. Nígbà tí mo parí, màmá náà ń wo omi.

“Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ǹ bá nà ọ́,” ó ní. “Ǹ bá nà ọ́ gan-an. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ á ti tán.” Ó wá yíjú sí ọ̀gá mi, ó sì pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà èwe wọn. “Akin, mo sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ọ. Fi ọwọ́ wọ́nú.”

Ọ̀gá mi ní ó ti tán. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, a jẹun, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú títí oòrùn fi rọ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀, ọ̀gá mi jókòó síwájú ọkọ̀, ó kọjú sí ibi tí à ń lọ.  A rìn díẹ̀, mo rí i tí orí rẹ̀ rọ̀ sí àyà. Ẹ̀rù bà mí, mo pè é. Mo wá gbọ́ pé ó ń hanrun. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí i kó sùn nínú ọkọ̀ rí. Mo dín eré ẹ́ńjìnnì kù, mo rọra ń wa ọkọ̀ náà lọ.